Àyè Ẹ̀gbẹ́ Àmì Ìyọkúrò

Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó, tó dorí kọ Bẹẹrẹ, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn àwọn tó ń ta bàtà tòkunbọ̀, tí kò fẹ̀ ju ibi tí adìyẹ lè na ìyẹ́ sí. Obìnrin tó ń jókòó níbẹ̀ ni Sọ̀fíyàt, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Muslimat. Ìwé ló ń tẹ̀ jẹun. Kì í sì í ṣe ìwé ìpe-ni-síkómọ o. Ìwé ìṣirò ni, tí àwọn tíṣà máa ń gbé wá láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò, iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn yòókù tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Bẹẹrẹ, bí wọ́n bá ti fojú kan àmì ìṣirò lórí pépà, wọn a ní, "Ẹ gbé e lọ fún Ìyá Muslimat."

Wọn ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, bí èèyàn bá ti to lẹ́tà rẹ̀ jọ, ó parí. Àmì ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ará agboolé, olúkúlùkù ló ní bó ṣe fẹ́ kí wọ́n fi òun jókòó. Bí o bá fún un pọ̀ mọ́ ẹnìkejì, ìjà dé. Bí o bá gbé e jìnnà jù, ó di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

Nojeem, ọkọ rẹ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà nígbà tó wà láyé. Òun ló la ṣọ́ọ̀bù yẹn. A máa dúró sẹ́yìn àga ìyàwó rẹ̀, a máa na ìka sójú kọ̀ǹpútà.

"Sọ̀fí, wo àmì ìdọ́gba yìí. Àárín àna méjì ló jókòó sí. Fún un láyè lọ́tùn-ún, fún un láyè lósì. Àmì ìròpọ̀ náà ńkọ́? Ó na apá, jẹ́ kó rí ibi nà á sí. Ṣùgbọ́n àmì ìyọkúrò yìí, ṣọ́ra fún un. Bó bá wà láàárín nọ́mbà méjì, tó ń mú ọ̀kan kúrò lára èkejì, fún un láyè lápá méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń sọ fún wa pé nọ́mbà náà wà nísàlẹ̀ òdo ni, má ṣe jẹ́ kí atẹ́gùn gba àárín wọn kọjá. Ọmọ àpọ̀nsẹ́yìn nìyẹn. Ta ní ń fi àyè sáàárín ìyá àti ọmọ tó pọ̀n?"

Sọ̀fíyàt á rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò pọ̀nmọ rí, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ ọmọ pípọ̀n."

"Mo pọ̀n ẹ́ rí, lọ́jọ́ tí àgbàrá gba ọ̀nà Ọjà'ba. Àbí o ti gbàgbé?"

Lẹ́yìn ẹ̀rín, Nojeem á tún kìlọ̀. Ó ní àpótí kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún ìṣirò. Bí èèyàn bá ti tẹ ìṣirò sínú rẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á fi kálukú sí àyè tó tọ́ sí i. Iṣẹ́ inú àpótí kì í yá, àmọ́ kì í bà jẹ́. "Ẹni tó bá ń fọwọ́ fi àyè sí i," Nojeem á wí, "ó dà bí ẹni tó ń fọwọ́ bu omi. Bó pẹ́ bó yá, á jò."

Ọdún tí àrùn kòrónà dé ni Nojeem lọ. Ibà ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n pè é, kó tó di pé wọ́n ń gbé e lọ.

Agboolé wọn ní Bẹyẹrúnká tóbi. Nígbà kan, èèyàn kò lè sín níbẹ̀ kí gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ má dá a lóhùn. Báyìí, àwọn kan ti kọ́lé sí Òkè Bọ́lá, àwọn kan sí ẹ̀yìn odi, àwọn àgbà ti sùn, ẹyẹlé ló gba òkè àjà. Muslimat, ọmọ kan ṣoṣo tí Sọ̀fíyàt bí, wà ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń sùn nígbà tí àwa ń jí. A máa pe ìyá rẹ̀. Ìyá á gbé fóònù sétí títí yóò fi gbóná, ohun tí wọ́n sì máa sọ kò ní ju "Ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun" lọ. Sọ̀fíyàt ti fi ìkòkò ńlá sílẹ̀, ó mú kékeré. Ti kékeré náà kì í tán. Nígbà mìíràn, láti ìgbà tó bá ti kírun àfẹ̀mọ́júmọ́ títí yóò fi dé Bẹẹrẹ, kò ní tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ àfi nínú àdúà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí Tíṣà Samuel fi wọlé dé.

Bàbá arúgbó ni Tíṣà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Aládùúrà ni, Àrẹ̀mọ ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó gbé ìwé kan dání tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìwé ìṣirò fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ráyè kàwé ní kékeré, tí wọ́n wá fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lágbà. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Muslimat, ìwé yìí ni ẹlẹ́rìí mi," ó wí. "Mofẹ́olúwa ọmọ mi ní mo ti ń gbàgbé nǹkan, ó ní kí n wá máa bá òun gbé l'Ábẹ́òkúta. Mo ní, dúró ná. Jẹ́ kí ìwé mi jáde. Bí o bá rí àṣìṣe kan nínú ẹ̀, wá kó mi. Bí o ò bá rí, fi mí sílẹ̀ n'Íbàdàn mi."

Àga onírọ́bà kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àga Nojeem ni. Láti ìgbà tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò jókòó sí i. Bí kọ́sítọ́mà bá wá, bẹ́ǹṣì ìta ni Sọ̀fíyàt máa ń nawọ́ sí. Tíṣà kò bèèrè. Ó fa àga náà sún mọ́ iná, ó jókòó. Sọ̀fíyàt lanu láti sọ̀rọ̀, ó pa á dé.

Bí bàbá yìí ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò ṣàjèjì sí i. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó máa ń gbé pépà sún mọ́ imú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, a sì máa kà á sókè. Níbi tí àyè bá wà, á mí. Níbi tí àyè kò bá sí, kò ní mí. "Ẹ́kìsì…" á mí, "pílọ́ọ̀sì…" á mí, "fọ́ọ̀…" Bó bá dé ibi tí wọ́n ti fún àmì pọ̀, á sáré kọjá títí èémí yóò fi fẹ́ẹ̀ tán lára rẹ̀, á wá húkọ́, á ní, "Ìyá Muslimat, ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ bá mi fi àyè síbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni Sọ̀fíyàt á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun alára lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Àkíbù, télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kò jẹ́ kí ó sinmi. Bó bá ti rí ọ̀pá Tíṣà lókèèrè, á dá máṣíìnì dúró, á pariwo.

"Ìyá Muslimat! Wòlíì oníṣirò ti ń bọ̀ o! Ẹ gbé àga síta!"

"Jọ̀ọ́, rán aṣọ ẹ. Ṣòkòtò tó o rán fún Ishaq, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ."

"Ishaq ni ẹsẹ̀ ẹ̀ kò dọ́gba!"

Àkíbù fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí Tíṣà ń torí wọn kọ̀wé. Ó fẹ́ di olùkọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ní àfi kó kọ́kọ́ ní ìwé mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyálẹ̀ta, á gbé ìwé rẹ̀ lé orí tábìlì ìránṣọ, á máa fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ṣe ìṣirò sára aṣọ aláṣọ.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ́. Apá kìíní ìwé Tíṣà, kánjúkánjú ni Sọ̀fíyàt fi tẹ̀ ẹ́, kò lo àpótí. Gbogbo àmì fún pọ̀. Láti tún un ṣe, ó pàṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, pé ibikíbi tó bá ti rí àmì ìyọkúrò, kó fi àyè sí i lọ́tùn-ún lósì. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ. Bí wọ́n ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ. Gbogbo nọ́mbà tó wà nísàlẹ̀ òdo ló já ọmọ ẹ̀yìn wọn sílẹ̀. Tíṣà wá, ó kà á, ó mí níbi tí kò yẹ kó mí, ó fi bírò pupa yí ibẹ̀ po. Ó ní, "N ó padà wá lọ́la wá wo bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe." Lọ́jọ́ kejì ó padà wá lóòótọ́, ó gbé ẹ̀pà dání, wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé apá kejì, Sọ̀fíyàt tún pa àṣẹ yẹn. Orí gbogbo ìwé ló pa á lé. Èyí tí wọ́n ti fọwọ́ tún ṣe ní apá kìíní tún bà jẹ́ padà. Tíṣà tún gbé bírò pupa. Ó tún ní òun á padà wá.

Ti àkọ́kọ́, kánjúkánjú ló fà á. Nígbà kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó di àṣà. Ó mọ àpótí tí Nojeem fi hàn án. Ó mọ̀ pé bí òun bá da ìwé náà sínú rẹ̀, kò ní sí ohun tí bírò pupa ń wá kiri mọ́. Àmọ́ ìwé tó bá ti parí, ẹni tó ni ín á gbé e lọ. Bí oòrùn bá ti ń yí sọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó bá wo àga onírọ́bà yẹn tí Tíṣà wà lórí rẹ̀, tó ń bá òun sọ ti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣe iṣẹ́ nígbà èwe, á ní nínú ara rẹ̀ pé, ọ̀sẹ̀ yìí nìkan. Àyè kékeré bí hóró ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, ta ló pa lára?

Àkíbù ló pa lára.

Tíṣà ti fún un ní ojú ìwé díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n tẹ̀, kó máa fi múra sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Àkíbù lọ bá a l'Árẹ̀mọ, ó fárígá. Ìbéèrè kan ní kí ó wá iye ẹ́kìsì, bí ẹ́kìsì àti mẹ́rin bá dọ́gba pẹ̀lú méje tó wà nísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n nítorí àyè tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, àmì ti dúró sí ìparí ìlà, méje ti bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Àkíbù rò pé àmì náà, ìlà tí wọ́n fà fún ìdáhùn lásán ni. Ó ní ẹ̀ta ni ìdáhùn. Ẹ̀yìn ìwé ní mọ́kànlá nísàlẹ̀ òdo ni. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, ojoojúmọ́ ló ń kùnà, títí ó fi rò pé agbárí òun ni kò gba ìwé. Ó ti ń sọ fáwọn ènìyàn pé òun ò ní ṣe ìdánwò náà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Ojú ìwé Àkíbù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Tíṣà. Ẹ jókòó."

"Ìyá Muslimat, ẹ bá mi wo ibí yìí. Ṣé mo ti tún un ṣe rí?"

Sọ̀fíyàt wò ó. 

"Mo rò pé mo ti tún un ṣe. Mo rò pé mo fi bírò pupa yí i po, ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú mi, mo sì kà á, èémí mi kò já níbẹ̀. Mo sì tún rò pé mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Àbí mo lá a lálàá ni?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ojú ìwé míì náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rò pé mo ti ṣe, mo bá a nílẹ̀ ní àìṣe. Mofẹ́olúwa kò parọ́ mọ́ mi. Mo pè é lánàá. Mo ní kó máa bọ̀ wá kó mi."

Níta, máṣíìnì Àkíbù ń lọ lákọlákọ. Sọ̀fíyàt wo bàbá náà. Bí òun bá dákẹ́, yóò lọ, ìyẹn yóò sì parí síbẹ̀; kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Yóò jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, yóò máa rò pé orí òun kò pé mọ́. Bí òun bá sì sọ̀rọ̀, àga yẹn tún ti ṣófo nìyẹn.

"Tíṣà, orí yín pé," ó wí.

"Ẹ má rẹ̀ mí lẹ́kún, Ìyá Muslimat."

"Mi ò rẹ̀ yín lẹ́kún. Ẹ tún un ṣe. Ẹ ti tún un ṣe léraléra. Èmi ni mò ń bà á jẹ́ padà." Ó sọ fún un bí ó ṣe ń pa àṣẹ kan náà lé gbogbo ìwé lórí, tí kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Tíṣà tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé ọ̀nà míì wà?"

"Ó wà. Bàbá Muslimat kọ́ mi."

Ó ṣí àpótí náà lójú rẹ̀, ó tẹ ìbéèrè Àkíbù sínú rẹ̀. Kò fi àyè kankan sí i. Ẹ́kìsì bọ́ sílẹ̀, ó gba àyè rẹ̀. Àmì ìròpọ̀ na apá. Àmì ìdọ́gba jókòó sáàárín àna méjèèjì. Nígbà tí àmì ìyọkúrò jáde, ó lọ lẹ̀ mọ́ méje, bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́jà. Tíṣà tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó kà á. Èémí rẹ̀ kò kọsẹ̀. Ó dìde, ojú rẹ̀ dàbí ti ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó sọ nù padà fún, àmọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn sí ibi tí wọ́n ti rí i.

"Kí ló wá dé, Ìyá Muslimat? Kí ni mo fi ṣe yín?"

 Sọ̀fíyàt wo àga onírọ́bà náà. Tíṣà náà bá a wò ó. Àwọn méjèèjì jọ wò ó títí máṣíìnì Àkíbù fi dákẹ́ níta.

"Ẹ ò bá ti ní kí n máa wá," ni Tíṣà wí.

Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó jáde.

Sọ̀fíyàt ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti inú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ń tú ìṣirò kọ̀ọ̀kan, ó ń dà á sínú àpótí. Ó kó iṣẹ́ kọ́sítọ́mà yòókù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ti ṣe ọ̀kan tán, á kà á sókè bí Tíṣà ṣe ń kà á, á mí níbi tó yẹ, á di èémí mú níbi tó yẹ. Nígbà míì, á dúró, bí ẹni pé ó ń retí kí ẹnìkan húkọ́ lẹ́yìn òun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Nígbà tó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, tó gbé e wò, kò rí ibì kan tó máa fún bírò pupa níṣẹ́.

Ó ránṣẹ́ sí Àrẹ̀mọ. Àkíbù ló wọlé wá.

"Tíṣà ní kí n wá bá òun gba ìwé."

"Òun alára ńkọ́?"

"Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun." Àkíbù ẹlẹ́yà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé náà mọ́ra, ó dúró díẹ̀. "Kò lọ sí Abẹ́òkúta mọ́ o, Ìyá Muslimat. Ó ní kí ọmọ ẹ̀ padà sílé."

"Al-hamdu lilahi."

"Mo ní kí n tiẹ̀ bèèrè. Àga tó wà níbẹ̀ yẹn, ṣé kí n máa yá a fún àwọn kọ́sítọ́mà mi? Kò sẹ́ni tó ń lò ó."

"Fi í síbẹ̀, Àkíbù."

Àkíbù fi í síbẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Àkíbù ti padà sídìí ìwé rẹ̀, aṣọ aláṣọ sì ti tún kún fún ṣọ́ọ̀kì. Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, Sọ̀fíyàt tètè pa kọ̀ǹpútà. Ó ra ẹ̀pà sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó fi ìborùn lé e, ó gba Àrẹ̀mọ lọ. Ó ti ro ohun tó máa sọ. Ó máa ní, Tíṣà, ẹ máa wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò nílò ìwé kankan lọ́wọ́.

Nígbà tó dé ẹ̀bá ilé náà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Láti ẹ̀yìn fèrèsé, Sọ̀fíyàt rí ẹ̀yìn orí wọn, fọkanáísà tó ń lẹ táyà, bíríkìlà, onídìrí, àti Àkíbù níwájú pátápátá. Ìwé tí ọwọ́ òun tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Tíṣà, ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ẹ́kìsì…" ó mí. "Pílọ́ọ̀sì…" ó mí. "Fọ́ọ̀… íkúàlì-tù… máínọ́ọ̀sì-sẹ́fún."

Àwọn tó jókòó gbè é lẹ́nu, wọ́n jọ mí, wọ́n jọ dá èémí dúró. Ohùn náà kò kọsẹ̀ níbì kankan. Kò sí ibi tó ti dúró pe orúkọ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun fi àyè síbẹ̀.

Sọ̀fíyàt lanu láti kí àwọn onílé. Ó pa á dé. Ó dúró títí wọ́n fi ṣí ojú ìwé mìíràn, ó gbé ẹ̀pà náà lé orí pèpéle níbi tí wọ́n á ti rí i, ó yí padà. Ó gba Ọjà'ba, láàárín àwọn tó ń pàtẹ àti àwọn tó ń palẹ̀ mọ́, ó forí lé Bẹyẹrúnká. Ẹnu rẹ̀ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá kọjá lára rẹ̀ á rò pé ó ń ṣe tẹ̀sùbáà. Ìṣirò ló ń kà, ó ń mí níbi tó yẹ kó mí.